Ohun Tuntun Tí Ó Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà: Ta Ni Kí Á Dá Lẹ́bi?

   

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà, a sì máa ń fi í bá àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa. Bí orí ọmọ tuntun bá ti wọ́, ta ló jẹ̀bi? Ṣé ìyá tó pọ̀n ọ́n ni? Ṣé ọ̀já tí ó fi pọ̀n ọ́n ni kò gùn tó? Ṣé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni? Tàbí àgbà tó rí i tó sì dákẹ́? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ọkọ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọkọ̀ ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n, ó sì dójú tì wá kí ó tó kọ́ wa.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa dáwó ra bọ́ọ̀sì kékeré kan, tíà-rọ́bà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Kí ó lè máa kó àwọn ọmọ ilé-kéú ni a ṣe rà á, kí ó sì máa gbé wa lọ síbi ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti nìkáà. Owó náà kì í ṣe owó kékeré. Àwọn ìyá tí ń ta èlùbọ́ dá nínú rẹ̀, àwọn télọ̀ dá nínú rẹ̀, àwọn tí ń gba owó oṣù dá nínú rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni a rán lọ rà á, àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé sí Sábó, a ṣe àdúà sí i, àwọn ọmọdé hó yèè. Bàbá kan tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń kọ́ alífù-bá ni a fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí òun ni ó bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá fi wá sọ pé bọ́ọ̀sì ń fà sí ọ̀tún. Ó ní bí òun bá ń lọ lójú ọ̀nà Zaria, àfi kí òun máa fa sítíárìn sí òsì díẹ̀ kí ó tó lè lọ tààrà. Bí òun bá sì dẹwọ́ díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí títì bí màlúù tó rí koríko.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Kò pẹ́ tí ìpàdé fi pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa ló rẹ́ wa jẹ, pé ó ní láti jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan rí kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Àwọn kan wo ojú àwa mẹ́ta tí a lọ rà á, wọ́n ní ọkọ̀ tí owó rẹ̀ bá pé kì í rìn báyìí. Wọn kò sọ ọ́ parí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ìyókù. Àwọn kẹta ní ọwọ́ awakọ̀ ni kò dára.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́hun. Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ owó, àyà wa já. Nígbà tí ẹ̀sùn bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, ọwọ́ a máa yá láti darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa ni a dìde. Àwa ni a sọ níwájú nǹkan bí ogójì ènìyàn pé, “Bàbá, ẹ má bínú o, ojú yín ti ń ṣú, ọwọ́ yín kò sì tọ́ mọ́. Ọkọ̀ tuntun kì í yà.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ní “Ẹ ṣeun,” ó sì jáde lọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tí ọwọ́ rẹ̀ sì le koko. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, bọ́ọ̀sì fà sí ọ̀tún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Kánò níbí: A Daidaita Sahu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa ni pé kí á to sàfù kí ó gún, bí a ti máa ń sọ kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun ló yọ wá. Nígbà náà ni ó tó yé wa pé ọwọ́ Bàbá kọ́ ni ó wọ́. Ẹ̀rù sì bà wá, nítorí bí kì í bá ṣe ọwọ́ Bàbá, kí ni?

A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, Mallam àgbàlagbà, ọmọ Hausa. A rò pé yóò ṣí iwájú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ṣí i. Ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè, bí alákàálì ṣe ń bi ẹlẹ́rìí.

Ó ní, ṣé ìgbà gbogbo ni ó ń fà, àbí ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan? Ó ní bí ó bá jẹ́ lórí bíréèkì nìkan ni, bíréèkì ẹsẹ̀ kan ló ń mú ju ti èkejì lọ. Ó ní, bí ẹ bá rìn jìnnà tí ẹ dúró, ṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan máa ń gbóná ju ìyókù lọ? Ó ní bí ọ̀kan bá gbóná gan-an, bíréèkì rẹ̀ kò tú sílẹ̀ tán, òun ló ń fà á sẹ́yìn, ìyẹn sì léwu, a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ọmọ. Ó ní, ṣé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sáré ni ó ń fà? Ṣé nígbà tí ó ṣófo ni, àbí nígbà tí ó rù, ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹrù sì wà? Ṣé gbogbo ọ̀nà ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ọ̀nà kan ṣoṣo? Bí ó bá ń lọ tààrà, ṣé sítíárìn dúró gbọọrọ àbí ó dagun?

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbéèrè náà, a kò mọ ìdáhùn rẹ̀. A ti dá ẹjọ́, a ti lé ènìyàn lọ, a kò sì tí ì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tí ó mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀ wà nílé rẹ̀, inú ń bí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó rìn, kí táyà tó gbóná, Mallam mú géèjì jáde. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí táyà gbọdọ̀ gbà sí. Ó kọ 40. Táyà iwájú lọ́wọ́ òsì jẹ́ 51, ti ọ̀tún jẹ́ 43. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn tó ń kó ọkọ̀ tuntun sínú ọkọ̀ ojú omi a máa fẹ́ táyà rẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ọkọ̀ yóò dúró lójú kan pẹ́, wọn kò fẹ́ kí táyà tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ni ó gbọdọ̀ dín in kù kí ó tó gbé e fún oníbàárà. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lápá ọ̀tún, tí kò sì parí rẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa wúwo nílẹ̀ ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò sì máa fà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di bó ṣe yẹ.

A wà á. Fífà náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Inú wa dùn, a ní ó ti tó. Mallam ní kò tó. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ dá díẹ̀ kò tí ì dá.

Ó wá ṣe ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Ó wo ara táyà bóyá wọ́n ya ọfà sí i, nítorí táyà olọ́fà, apá kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ máa yí sí. Kò sí ọfà. Ó bá tú táyà iwájú méjèèjì, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. A tún wà á. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òsì! Kò le tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òsì ni. Mallam rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àrùn bá bá táyà lọ sí òdìkejì, ara táyà ni àrùn náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tún náà ni ó ṣì ń fà sí, à bá mọ̀ pé ara ọkọ̀ ni, tàbí ojú ọ̀nà.

Ẹ mú kọ́ọ̀bù oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ẹ dà á délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì tì í. Kò ní lọ tààrà láéláé, yóò máa yí lọ sí apá ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni táyà mìíràn ṣe rí. Okùn irin tí wọ́n tò sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é kò bọ́ sí àárín gẹ́rẹ́gẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ le ju èkejì lọ, ó sì ń yí bí kọ́ọ̀bù. Ojú kò lè rí i. Táyà tuntun ni, ó ń dán, ó sì wọ́ nínú. Mallam gbé táyà náà sẹ́yìn, nítorí ní ẹ̀yìn agbára rẹ̀ láti fa ọkọ̀ kò tó nǹkan, ó sì gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú.

Síbẹ̀ ó ku díẹ̀, díẹ̀ báyìí, sí ọ̀tún. Mallam gbé wa lọ síbi kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n da kọńkéré sí. Ó wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dẹwọ́ lára sítíárìn díẹ̀ láìjẹ́ kí ó kúrò nítòsí. Bọ́ọ̀sì lọ tààrà bí òwú. Ó ní ìyókù yẹn, ti ojú ọ̀nà ni. Títì kì í tẹ́. Àwọn tí ń ṣe ọ̀nà a máa gbé àárín rẹ̀ ga, wọ́n á sì jẹ́ kí etí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Ẹni tó bá ń gba ọwọ́ ọ̀tún, orí ìdagẹ̀rẹ́ ni ó wà nígbà gbogbo, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ní kí á ṣì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe dúró, kí ọkàn wa lè balẹ̀. A gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí a rí. Afẹ́fẹ́ táyà, táyà kan, àti ìdagẹ̀rẹ́ ọ̀nà. Ohun kékeré mẹ́ta ni wọ́n para pọ̀ di ohun ńlá kan. Awakọ̀ kò sí nínú wọn. Àwọn tó lọ ra ọkọ̀ kò sí nínú wọn. Jàǹbá tí a rò pé ọkọ̀ ti ní rí kò sí nínú wọn.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tó ta ọkọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Àwa tí a ń ta aṣọ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kò sí ọdún kan tí oníbàárà kì í dá aṣọ padà fún wa pé ó ti ya nínú ìdì. Nínú ìwé Rísálà tí a kà ní ilé-kéú, èyí tí Ibn Abi Zayd ará Qayrawan kọ, òfin ọjà tó ní àbùkù wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ọjà tí ó sì rí àbùkù tó ti wà lára rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó tà á, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n àbùkù yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Ẹ rántí hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, nípa ọkùnrin tí ń ta oúnjẹ oníhóró lọ́jà, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ki ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀ tí ó sì bá ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Kì í ṣe òjò ni Ànábì bá a wí lé lórí. Ohun tí ó bá a wí lé lórí ni pé ó fi èyí tó tutù pamọ́ sábẹ́ èyí tó gbẹ. Òjò lè pa ọjà ẹnikẹ́ni. Fífi í pamọ́ ni ó sọ ènìyàn di oníjìbìtì.

Nítorí náà, nígbà tí a lọ bá ẹni tó ta bọ́ọ̀sì, a kò lọ pẹ̀lú ariwo. A sọ ohun tí a rí, bí a ṣe rí i, àti bí a ṣe dán an wò. Ó gbà pé ọmọ iṣẹ́ òun ni kò parí iṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì pààrọ̀ táyà náà. Ti inú táyà, kò lè mọ̀ ọ́n. Ká ní a ti lọ bá a ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó ta ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan fún wa, irọ́ ni à bá pa mọ́ ọn, òun náà ì bá sì bá wa jà, táyà wíwọ́ ì bá ṣì wà níwájú ọkọ̀ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí. Ìkíní, ìbéèrè ni ó ń ṣáájú ẹ̀bi. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandájọ́, àgbà òṣìkà ni. Àwa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kò gbọ́ ti ẹnì kan pàápàá. Súrátù Hujurat kọ́ wa pé kí á wádìí ìròyìn dájú kí á má baà fi àìmọ̀ pa àwọn ènìyàn lára, kí á sì wá máa kábàámọ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ ní súrà yìí láìmọye ìgbà. Ó yẹ kí ojú tì wá.

Ìkejì, ohun kan ṣoṣo ni kí á yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí Mallam bá ti pààrọ̀ táyà, tó dín afẹ́fẹ́ kù, tó sì tú abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà, bọ́ọ̀sì ì bá tọ́, ṣùgbọ́n a kì bá tí mọ ohun tó wò ó sàn. Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó kọ́kọ́ wò. Àwa a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó burú jù, nítorí pé òun ni ó dùn ún sọ lẹ́nu.

Ìkẹta ni èyí tó jinlẹ̀ jù lójú tiwa. Ọjọ́ 2 oṣù Épírílì ọdún 1972 ni Nàìjíríà pa ọwọ́ òsì tì, tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó tó di ọjọ́ náà, àwọn bàbá wa tí ń wa ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà wá sí ìlú yìí, apá òsì títì ni wọ́n ń gbà. Ìdagẹ̀rẹ́ títì sì ń fa ọkọ̀ wọn sí òsì. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ kan náà, títì kan náà, awakọ̀ kan náà, ó di ọ̀tún ni ó ń fà sí. Ohun tí a ń pè ní ìwà ohun kan, nígbà mìíràn ibi tí a gbé e sí ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa léèrè nípa àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìhín. Ẹnu kì í sinmi nínú ilé wa: ọmọ yìí ti yà, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ́, kò fẹ́ dé ilé-kéú, kò mọ ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọmọ tuntun ni, a sì ti dá a lẹ́bi. Ta ló ti jókòó sórí táyà ògbólógbòó bíi Mallam kí ó bi ìbéèrè? Ṣé ìgbà gbogbo ni ó ń yà, àbí ìgbà tí a bá ká a lọ́wọ́ kò nìkan? Ṣé nígbà tí a di ẹrù ṣọ́ọ̀bù ru ú láti àárọ̀ di alẹ́ ni? Ṣé afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló pọ̀ ju ti èkejì lọ, tí ó fi jẹ́ pé ìbáwí ni 51, ìfẹ́ sì jẹ́ 43? Ìlú tí à ń gbé pẹ̀lú, kò burú. Ẹni tó mọ títì tí ó gbé àárín rẹ̀ ga ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gbọdọ̀ ṣàn. Àwọn tó gbà wá lálejò ní èdè tiwọn àti àṣà tiwọn, ọmọ tí a bí síbẹ̀ yóò sì máa rìn lórí ìdagẹ̀rẹ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ lára sítíárìn ti tó fún un.

Ẹnì kan lè sọ pé bí à ń wá ìdí fún ohun gbogbo, a kò ní bá ẹnikẹ́ni wí mọ́ láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gbóná nítorí bíréèkì, Mallam kò ní sọ pé ojú ọ̀nà ni. Ẹ̀bi wà, ẹlẹ́bi sì wà. Ọmọ tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é wà, oníṣòwò tó mọ̀ọ́mọ̀ bo òkìtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wádìí nìkan ni ó lè bá ẹlẹ́bi wí tí ìbáwí náà yóò wọlé. Ìbáwí tí kò ní ìwádìí nínú, ariwo ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun sì ni ó jẹ́ kí á kọ gbogbo èyí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Bàbá fi wa bọ́ọ̀sì náà, apá òsì ni ó ń fa sítíárìn sí kí àwọn ọmọ wa má baà wọ gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé aboniki ni òun fi ń pa apá rẹ̀ lálaalẹ́. Ọwọ́ tí a sọ pé ó wọ́, òun ni ó ń mú ohun tó wọ́ lọ tààrà. Lójoojúmọ́, nínú ìrun márààrún, ràká 17 ni à ń kí, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a sì ń tọrọ ọ̀nà tó tọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọkùnrin kan ń mú àwọn ọmọ wa lọ ní ọ̀nà tó tọ́ lójú wa, a kò sì rí i.

A lọ bẹ̀ ẹ́. A dọ̀bálẹ̀ ní iyàrá rẹ̀, àwa àti àwọn méjì mìíràn. Ó ní kí á dìde. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín. Bí ẹ bá fẹ́, n ó máa wa ọkọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, inú ìpàdé ni ẹ ti sọ ọ́. Inú ìpàdé náà ni ó ṣì wà. Kò bá yín wá sílé mi.”

Òótọ́ ni. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ni wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀. A ti dìde sọ ọ́ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. A sì tún ń kọ ọ́ síbí, kí ó lè dé ilé tí ẹnu wa kò dé: Bàbá, ọwọ́ yín tọ́, ojú yín kò ṣú. Àwa ni a yà. Ẹ fi orí jì wá ní gbangba bí a ṣe ṣẹ̀ yín ní gbangba.

Ẹni tí òun náà bá ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe nígbà tó bá rí Bàbá ní ọjọ́ Jímọ̀.

Kí Ọlọ́hun dárí àṣìṣe ahọ́n wa jì wá, kí Ó fi ẹsẹ̀ wa àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa lé ọ̀nà tó tọ́. Àmín yá Rọ́bà.